Àádọ́rin Mílílítà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Òru Kan ní Wọ́ọ̀dù Ìyá Ọlọ́mọ ní Àkúrẹ́

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Nọ́ọ̀sì ti fa magnesium sulphate, oògùn tó ń dènà gìrì oyún, gíráàmù 5 sínú sírínjì, ó ti ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, ó sì ti fi òwú tútù nu ìdí ìyá tó wà lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn kò wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọdún kejì kan ló dá a dúró, pẹ̀lú plásítà funfun tínínrín kan tó lẹ̀ mọ́ ara àpò ìtọ̀.

Fún ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a ṣe to ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀. Orúkọ ilé ìwòsàn kò sí níbẹ̀, ti aláìsàn kò sí, ti òṣìṣẹ́ kò sí. Kí ẹni tó ń kà á má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú pé ta ni. Ohun tó yẹ kó wò ni bí èèyàn márùn-ún tó mọ iṣẹ́ wọn ṣe rìn títí dé etí kòtò láàárín wákàtí méjìlá, àti ohun tó mú kí ẹni kẹfà, tó kéré jù nínú wọn, la ẹnu.

Aláìsàn àti oògùn rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá náà, oyún àkọ́kọ́ ló ní, ọ̀nà Ìdànrè ni wọ́n sì ti gbé e wá. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 170/115. Pròtéènì inú ìtọ̀ rẹ̀ dé àmì mẹ́ta (+++), ó pọ̀ gan-an. Orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Gìrì oyún kò tíì mú un, àmọ́ kò jìnnà sí i mọ́.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ magnesium sulphate lọ́nà tí wọ́n ń pè ní ètò Pritchard. Gíráàmù 4 gba inú iṣan. Mílílítà 8 nínú oògùn tó jẹ́ ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fà, wọ́n fi omi abẹ́rẹ́ mílílítà 12 là á, ó di mílílítà 20, wọ́n sì ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà gíráàmù 5 ní ìdí ọ̀tún, gíráàmù 5 ní ìdí òsì. Gíráàmù 14 lápapọ̀ nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n máa pààrọ̀ ìdí, títí wákàtí mẹ́rìnlélógún yóò fi pé lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó kẹ́yìn, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì.

Oògùn yìí ti gba ẹ̀mí là kọjá kíkà. Ìwádìí Magpie tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì kù ju ìlàjì lọ fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru báyìí. Kò sí ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀ débi pé kò ní fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń lé e jáde nínú ara, kíndìnrín ẹni tó ní àìsàn yìí gan-an ló sì sábà máa ń dẹnu kọlẹ̀. Bí ìtọ̀ bá dínkù, oògùn tàná kò tíì jáde kí tòní tó wọlé bá a.

Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wà láàárín 2 sí 3.5 mmol/L. Láti 3.5 sí 5, orúnkún kì í fò mọ́ tí a bá kàn án. Láti 5 sí 6.5, mímí lè dá. Kí ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe to ó: orúnkún ló ń kọ́kọ́ dákẹ́, kí àyà tó dákẹ́. Ẹni tó bá kan orúnkún kó tó gún abẹ́rẹ́ ti gbọ́ ìkìlọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí ohun mẹ́ta fi gbọ́dọ̀ pé kí a tó fún aláìsàn ní ìwọ̀n tó kàn: kí mímí rẹ̀ tó 16 ó kéré tán ní ìṣẹ́jú kan, kí orúnkún rẹ̀ fò, kí ìtọ̀ rẹ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́rin tó kọjá, ìyẹn 120. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, a óò dá oògùn dúró ná.

Ohun tí ṣáàtì sọ

Aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìsàlẹ̀ ara kú ni wọ́n lò. Ní aago méjì ọ̀sán tí oògùn tó kàn pé, ẹsẹ̀ ìyá náà ṣì kú. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán kan orúnkún, kò fò, ó kọ ọ́ sínú ṣáàtì pé "abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn", ó sì fún un ní oògùn. Òótọ́ ló kọ. A kò lè gba ẹ̀rí orúnkún gbọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kì í sábà dé apá, iṣan iwájú ìgbọ̀nwọ́ á sì fò bí orúnkún ṣe máa ń fò tí magnesium kò bá pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó wo ìgbọ̀nwọ́.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún kọ "abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn". Wákàtí márùn-ún ó lé ti kọjá nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ wákàtí méjì sí mẹ́rin ni oògùn inú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn sábà máa ń lò. Ẹni tó kọ ọ́ wo ìlà òkè, ó sì tún un kọ. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, ọ̀rọ̀ "abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn" ti lọ, àmì "ó dára" ló wà níbẹ̀. Bí àmì náà ṣe débẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé.

Iye mímí ńkọ́? 20, 20, 20. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí fáìlì wọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ yìí yóò mọ ogún yìí dáadáa. Kò sí àyà tó ń mí lọ́nà kan náà láago méjì, láago mẹ́fà àti láago mẹ́wàá, pàápàá àyà ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú rẹ̀. Ogún ni nọ́ńbà tí ọwọ́ ń kọ nígbà tí ojú kò wo aago.

Òru náà

Nọ́ọ̀sì òru ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti jápa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọn kò sì tíì rí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ìyá mọ́kàndínlógún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ó ní olùrànlọ́wọ́ kan tó ń gbé ẹrù, tó ń nu ilẹ̀, àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ó ti rán ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ gba ẹ̀jẹ̀. Iná lọ ní aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Epo jẹnẹrétọ̀ tó kù, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi pamọ́ fún. Fóònù ni wọ́n fi ń ríran.

Akẹ́kọ̀ọ́ kejì ló wọṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Láago mẹ́wàá, nígbà tó ń rìn káàkiri wọ́ọ̀dù, ó ya plásítà pẹ́lẹ́bẹ́ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpò ìtọ̀ bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ní déédéé ibi tí ìtọ̀ dé: mílílítà 140. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní Oǹdó ló máa ń ṣe é fún gbogbo àpò, láìsọ̀rọ̀. Ọmọ náà rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ sì gbà á.

Ní aago méjì, nọ́ọ̀sì fi iná fóònù wo àpò náà. 210. Ó pọ̀ tó lójú rẹ̀. Ìyá ọkọ tó jókòó lórí ẹní nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn jàre, láti àná ni kò ti fojú kan oorun." Lóòótọ́, ìyá ọmọ ń sùn fọnfọn. Nọ́ọ̀sì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu ìdí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, "Mà, ìtọ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ o."

"Igba lé mẹ́wàá ni ò pọ̀ lójú tìẹ?"

Ó dákẹ́. Àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́yìn náà bi í pé kí ló dé tó fi dákẹ́. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n ń gba iṣẹ́, òun bi nọ́ọ̀sì mìíràn léèrè nípa oògùn ìrora kan, ẹni yẹn sì wí fún òun lójú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé ìwọ ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹrù.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni gbogbo àkọsílẹ̀ yìí dá lé. Àpò ìtọ̀ máa ń so mọ́ irin ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó súnmọ́ ilẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó na ìka sí plásítà, ó ní, "Ẹ má bínú mà. Ẹ bá mi kà á. Ibi tó wà láago mẹ́wàá rèé." Ìkúnlẹ̀ kan náà yẹn bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì fa ojú àgbà wá sílẹ̀ síbi tí nọ́ńbà wà. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ka 140 níbi plásítà. Ó ka 210. Ó ní, "Àádọ́rin," ó sì gbé sírínjì sínú abọ́.

Láti ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá. Orúnkún ọ̀tún, orúnkún òsì: kò sí. Ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì: kò sí. Ó ṣí aago inú fóònù, ó ka mímí fún odindi ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá: 14. Ẹ̀rọ orí ìka fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ hàn ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n jí ìyá náà, ó dáhùn, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. Oorun tí ìyá ọkọ ń tọ́jú fún un kì í ṣe ti àárẹ̀ nìkan.

Wọ́n pe dókítà ní 2:15, ó dé ní 2:40. Oògùn tó ń pa agbára magnesium ni calcium gluconate, gíráàmù 1, ìyẹn mílílítà 10 nínú èyí tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí a óò tì sínú iṣan díẹ̀díẹ̀ bí mímí bá fẹ́ dá. Wọ́ọ̀dù ní in. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ló wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì ẹni tó ń mójú tó wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án, báàgì sì wà nílé rẹ̀. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti yá ámpúlù kan, ó dé ní 2:50. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni láti ìgbà tí wọ́n ti pe dókítà. Bí àyà ìyá náà bá ti dá ní 2:20, ẹ fi èyí ṣe ìṣirò fúnra yín.

Kò dá. Wọn kò lo calcium. Wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbọ̀nwọ́ padà fò ní 4:30, orúnkún ní 5:15. Mímí gòkè dé 18. Láti aago méjì sí mẹ́fà ó tọ̀ mílílítà 130. Ní aago mẹ́fà dókítà fún un ní gíráàmù 2.5, ìlàjì ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì parí wákàtí mẹ́rìnlélógún náà láìsí gìrì. Ọjọ́ kẹjọ ni ìyá àti ọmọ lọ sílé.

Ìwé kúẹ̀rì

Ilẹ̀ mọ́. Ìwé àkọ́kọ́ tó jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ni kúẹ̀rì sí nọ́ọ̀sì òru: kí ló dé tó fi fa oògùn kó tó yẹ aláìsàn wò, kó fèsì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó jí dókítà lójú oorun, tó dá oògùn dúró, tó tún kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́, òun ni wọ́n kọ̀wé sí. Àwọn tó kọ "20" àti "abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn" sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí ṣáàtì tiwọn mọ́ tónítóní.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn kúẹ̀rì, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kankan, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń jábọ̀ àṣìṣe, kò wọlé láti wọ́ọ̀dù náà. Kì í ṣe pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti rí ohun tí òótọ́ ń fà. Nọ́ọ̀sì tó bá ń ro kúẹ̀rì ń ro ìgbìmọ̀ ìjọba tó fún un ní ìwé àṣẹ náà pẹ̀lú, pé orúkọ òun lè débẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ló fúnra rẹ̀ fa kúẹ̀rì náà padà, ó sì ní kí èèyàn mẹ́ta jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí: òun, dókítà kan, àti olùkọ́ tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ní wọ́ọ̀dù.

Kí ló ń darí ọwọ́?

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn mẹ́ta yìí ṣe ni pé wọ́n bi nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n dárúkọ ohun mẹ́ta tí a ń yẹ̀ wò kí a tó gún magnesium. Gbogbo wọn ló dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn míì tún fi nọ́ńbà kún un. Nítorí náà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ṣètò, èyí tí ilé ìwòsàn sábà máa ń sá lọ bá bí nǹkan bá ti bàjẹ́, kò ní bá àìsàn yìí wí. Wọ́n fagi lé e.

Icek Ajzen, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, kọ ní 1991 pé ohun mẹ́ta ló ń ti èrò wá di ìṣe: bí èèyàn fúnra rẹ̀ ṣe rí nǹkan náà, ohun tó rò pé àwọn tó jẹ́ pàtàkì sí òun ń retí, àti bóyá ó gbà pé apá òun ká a. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìwà ààbò láàárín nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló ń fi òṣùwọ̀n yìí wọn nǹkan. Tí a bá gbé e lé òru bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, apá àkọ́kọ́ kò ní wàhálà: kò sí ẹni tó rò pé yíyẹ aláìsàn wò kò dára. Apá kejì àti ìkẹta ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìkẹta kíákíá. Òòlù kékeré tí a fi ń kan orúnkún kò sí ní wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bátìrì aago ara ògiri ti kú, ó ń sọ aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè rántí. Iná kò sí. Kọ́kọ́rọ́ kò sí. Nọ́ọ̀sì kan, aláìsàn mọ́kàndínlógún, wákàtí kejìlá lẹ́nu iṣẹ́. Kíka mímí fún ìṣẹ́jú kan gbáko fún gbogbo wọn yóò gbà tó ogún ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí a bá gba aago lọ́wọ́ èèyàn, ká má bi í pé kí ló dé tó fi kọ ogún.

Apá kejì ló jinlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ́ iṣẹ́ láti inú ìwé nìkan. Ojú ló fi ń jí i lọ́wọ́ àgbà. Ohun kan tí olùkọ́ inú àwọn mẹ́ta yẹn tú síta ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ní yàrá ìkọ́ṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ère rọ́bà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí a ti ń yẹ aláìsàn wò. Orúnkún ère kì í fò. Nígbà ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ á kan rọ́bà náà, á sọ sókè pé "orúnkún fò", olùdánwò á sì fún un ní máàkì. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n sọ pé àwọn rí ohun tí wọn kò rí, a sì ń bi ara wa pé níbo ni àmì "ó dára" ti aago mẹ́wàá alẹ́ ti wá!

Plásítà inú ìtàn yìí gba ọ̀nà kan náà wọlé, láti ojú dé ọwọ́, láti ara àgbà kan ní Oǹdó. Àgbà yẹn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀. Àwọn kan nínú ìpàdé ní kí wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa sọ̀rọ̀ gbangba, kí wọ́n yé fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Rárá o. Ọmọ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, tí wọ́n ti kọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta pé a kì í wo àgbà lójú wí fún un pé ó ṣìṣe, kò ní ju ẹ̀kọ́ ilé dànù nítorí pé ẹnìkan kọ ọ́ sára ògiri wọ́ọ̀dù. Wo gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀: "ìtọ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ o." Ní ilé, àgbà tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò mọ̀ pé ọmọ ní nǹkan lẹ́nu, yóò sì bi í sí i. Ní wọ́ọ̀dù láago méjì òru, etí tó rẹ̀ kò gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Òwe ọmọdé gbọ́n àgbà gbọ́n wà lẹ́nu gbogbo wa, àmọ́ òru kì í jẹ́ ká rántí rẹ̀. Gbólóhùn kejì ló ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò dín ìbọ̀wọ̀ kù rárá. Kò sọ pé àgbà ṣìṣe. Ó ní kí àgbà wá kà á. Nọ́ńbà ló bá àgbà jiyàn.

Ohun tí wọ́n yí padà, àti bí ó ṣe rí

"Ẹ bá mi kà á" ti di ọ̀rọ̀ àṣẹ ní wọ́ọ̀dù náà. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ń nu ilẹ̀, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì ka nọ́ńbà náà sókè: orúkọ oògùn, gíráàmù, mílílítà, ohun tó bá wà lójú. Bí kò bá dáhùn, ẹni náà yóò tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá tún dáhùn, kó pe dókítà tàbí mátírọ́ọ̀nù tààrà. Àwọn awakọ̀ òfúrufú ló kọ́kọ́ sọ sísọ lẹ́ẹ̀mejì di òfin láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lò ó yọ̀bọ́kẹ́, wọ́n ń pe àgbà wá ka ìwọ̀n ìgbóná ara, àwọn nọ́ọ̀sì méjì sì binú. Mátírọ́ọ̀nù ní kí wọ́n máa kà á bẹ́ẹ̀. Ó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣáàtì magnesium kò gba àmì "ó dára" mọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sí ibi mímí àti ìtọ̀. Ní ti fífò iṣan, "ó fò" tàbí "kò fò", pẹ̀lú ibi tí wọ́n kàn: orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́. Kò sí àyè fún "abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn" rárá. Bí ẹsẹ̀ bá kú, ìgbọ̀nwọ́ ni ìdáhùn yóò ti wá.

Plásítà náà fa ìṣòro tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àpò kan ti ní plásítà mẹ́ta láìsí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ ti aago wo. Báyìí wọ́n ń fi báírò kọ aago sí i kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò. Bí wọ́n bá da ìtọ̀ nù, gbogbo plásítà ni wọ́n ń ṣí kúrò, wọ́n á sì kọ iye tí wọ́n dà nù sínú ṣáàtì.

Calcium gluconate kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ámpúlù kan àti sírínjì mílílítà 10 kan wà nínú báàgì náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ páálí magnesium. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan ti gbé èkejì.

Ilé ẹ̀kọ́ gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti máa kan orúnkún ara wọn dípò ti ère. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹni tó dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ le ẹsẹ̀, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò fi apá kan gbé abẹ́ orúnkún rẹ̀ sókè títí yóò fi tẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì rọ̀ sórí apá rẹ̀, yóò wá fi ìka wá iṣan líle tó wà lábẹ́ egungun orúnkún, yóò sì kàn án lẹ́ẹ̀kan, wéré, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Itan ni kó wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan, nítorí iṣan itan á súnkì kódà bí ẹsẹ̀ kò bá gbéra púpọ̀. Bí kò bá fò, kí ó ní kí aláìsàn so ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ra, kó máa fà á, kó tún kàn án. Fún ìgbọ̀nwọ́, kó gbé àtàǹpàkò lé iṣan tó wà níwájú rẹ̀, kó kan àtàǹpàkò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orúnkún ẹnikejì rẹ̀ kò bá fò gbọ́dọ̀ sọ pé kò fò, máàkì rẹ̀ kò sì ní dín.

Iṣẹ́ ọ̀sán lé òru ṣì wà. Àyè ẹni tó jápa ṣì ṣófo. Nǹkan tí mátírọ́ọ̀nù rí ṣe kò ju pé nọ́ọ̀sì tó bá ṣe ọ̀sán mọ́ òru kò gbọdọ̀ nìkan gún magnesium láàárín aago méjìlá sí mẹ́rin, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ka ṣáàtì sókè fún un, akẹ́kọ̀ọ́ náà tó. Kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé wọn, pé kò tó.

Ní 2017 Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ láti dín jàǹbá ńlá tí oògùn ń fà, èyí tí a lè yẹra fún, kù sí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án sì ti di Ọjọ́ Ààbò Aláìsàn láti 2019. Wọ́ọ̀dù yìí fi ọjọ́ náà ka ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tó wọlé láàárín oṣù mẹ́ta, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Mọ́kànlá ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ mẹ́rin nínú wọn, nọ́ọ̀sì òru tí wọ́n fún ní kúẹ̀rì ló sì kọ méjì. Mímí tó wà nínú ṣáàtì oṣù yẹn ka báyìí: 17, 21, 18, 16, 19, 22.

Òòlù tí wọ́n rà sọnù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ wà lára kẹ̀kẹ́ oògùn, rọ́bà dírípù ni wọ́n fi so ó mọ́ ọn, ó gùn tó láti dé orúnkún.